Ẹ Bi Wá: Nígbà tí Àtúnṣe Ìsìn Wọ Ilé Ìtẹ̀wé, Ilé Ayàwòrán àti Kàlẹ́ńdà

Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ ṣókí lójú-ewé yìí nípa Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ Àtúnṣe Ìsìn tó pín Ìjọ Kátólíìkì sí méjì, ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Kàbbà, Mọ́pà, Ìsánlú àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. A mú mẹ́fà nínú wọn.

Láti Ìsánlú: Ẹ̀yin olóòtú, òkun o. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2. Nínú àsìkò tí ìwé ń pè ní Renaissance àti àtúnṣe ìsìn tí Luther bẹ̀rẹ̀, èwo ló ṣáájú? Àwọn ọmọ mi gbà pé Luther ló la ojú Yúróòpù.

Òkun o, Tíṣà. Renaissance, ìgbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé àti ayàwòrán Yúróòpù padà sí ẹ̀kọ́ Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́, ló ṣáájú, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Nígbà tí Luther gbé kókó 95 tó fi tako títa ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Wittenberg ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1517, Leonardo da Vinci ti parí àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn ní bí ogún ọdún sẹ́yìn, Michelangelo náà sì ti ya àjà Ṣápẹ́ẹ̀lì Sistine tán ní 1512.

Ohun tí ó yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀ ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé Renaissance ló rọ ọkọ́ tí Luther fi roko. Ẹ wo Lorenzo Valla, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì. Ìwé kan wà tí wọ́n ní Ọba Constantine fi gbé àṣẹ lórí Róòmù àti ìwọ̀-oòrùn ayé fún Póòpù ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin. Ní 1440, Valla fi èdè inú ìwé náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ayédèrú ni. Ọ̀kan nínú ohun tó tú àṣírí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà «satrap», oyè gómìnà ilẹ̀ Páṣíà, tí ẹnikẹ́ni kì í fi pe ìjòyè Róòmù láyé Constantine. Bí ẹnìkan bá gbé ìwé ilẹ̀ wá pé bàbá-ńlá òun ló kọ ọ́ ní 1890, tí «Ìpínlẹ̀ Kogi» sì wà nínú rẹ̀, ṣé ẹ máa gbà á? Ọdún 1991 la dá Kogi sílẹ̀. Ọgbọ́n Valla kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ti lò ó tó bẹ́ẹ̀ rí.

Erasmus, ọ̀mọ̀wé ará Netherlands, náà tẹ Májẹ̀mú Titun ní èdè Gíríìkì jáde ní Basel ní 1516. Ibi tí Bíbélì Látìn ti sọ ohun tí àwọn àlùfáà ń túmọ̀ sí «ẹ san ètùtù ẹ̀ṣẹ̀», Gíríìkì ń sọ nípa ìyípadà inú. Orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni kókó kìíní nínú 95 yẹn dúró lé. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín tú «ronúpìwàdà» palẹ̀: ronú, kí o sì pa ìwà dà. Ìyàtọ̀ tí Luther ń jà fún ti wà lẹ́nu wọn tẹ́lẹ̀.

Láti Mọ́pà: Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń kọ́, ìwé ètò ìsìnkú àti àlùmánáákì ló pọ̀ jù nínú ohun tí à ń tẹ̀. Kò síná, kò sí kọ̀ǹpútà láyé Luther. Báwo ni ìwé rẹ̀ ṣe yára ká gbogbo Jámánì?

Àbúrò wa, inú bí wọ́n ṣe ń ká tákàdá ni ìdáhùn wà.

Èdè Látìn ni kókó 95 wà, àwọn ọ̀mọ̀wé ló sì wà fún. Ohun tó dé ọwọ́ ará ọjà ni ìwàásù kúkurú tí Luther kọ ní èdè Jámánì ní 1518 nípa ìwé ìdáríjì tí wọ́n ń tà káàkiri. Kókó 20 péré ni, ojú-ewé 8 sì gbà á. Wọ́n tún un tẹ̀ ju ìgbà 20 lọ kí 1520 tó parí. Ojú-ewé 8 nígbà yẹn, tákàdá kan ni. Bíbélì tí Gutenberg tẹ̀ ní Mainz ní nǹkan bí 1455 lé ní ojú-ewé 1,200. Owó atẹ̀wé á ti há sínú rẹ̀ pẹ́ kó tó rí èrè. Ṣùgbọ́n ìwé onítákàdá kan, á tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ díẹ̀, á tà á, á sì fi owó rẹ̀ ra tákàdá míì. Àwọn atẹ̀wé tí kò bìkítà fún ẹ̀kọ́ Luther rárá ń du ìwé rẹ̀ tẹ̀ nítorí pé ó ń tà.

Dán an wò. Mú tákàdá fífẹ̀ kan, ká a sí méjì, tún un ká sí méjì. Má tíì gé e. Fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 8, kí o wá ṣí i. Lójú kan, 8 wà nísàlẹ̀ lápá òsì, 1 lápá ọ̀tún. 5 wà lórí 8, 4 wà lórí 1, àwọn méjèèjì dorí kodò. Lójú kejì, 2 àti 7 ló wà nísàlẹ̀, 3 àti 6 dorí kodò lókè wọn. Bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà sórí ẹ̀rọ nìyẹn, àfi pé lórí òjé, òsì á bọ́ sí ọ̀tún nítorí pé lẹ́tà ń wo ẹ̀yìn. Bí alẹ́tà bá fi 7 sí ipò 2, gbogbo ẹ̀dà ọjọ́ náà bàjẹ́. Ìwé ètò ìsìnkú tí ẹ̀ ń ká lẹ́ẹ̀kan, tó ń di ojú-ewé 4, òfin kan náà ló ń tẹ̀lé.

Nípa lẹ́tà, òjé ni, tí wọ́n fi tánganran àti àǹtímónì pò kó lè le. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ga bákan náà: èyí tó bá yọ sókè á lu tákàdá, èyí tó bá rẹlẹ̀ kò ní hàn. Yíǹkì olómi kì í dúró lára òjé, ṣe ló máa ń ṣù bí ìrì lórí ewé kókò. Nítorí náà, òróró linseed tí wọ́n sè títí tó fi ki, pẹ̀lú dúdú èéfín àtùpà, ni wọ́n ń lò. Tákàdá náà, wọ́n á kọ́kọ́ rọra rin ín. Bó bá gbẹ jù, yíǹkì á mú lápá kan, kò ní mú lápá kejì. Bó bá tutù jù, á fà kọjá ojú lẹ́tà.

Àwòrán inú ìwé náà ńkọ́? Igi ni wọ́n ń gbẹ́, wọ́n á fá a kó ga gẹ́lẹ́ bíi lẹ́tà, kí àwòrán àti ọ̀rọ̀ lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n igi gbígbẹ́ ní àbùkù kan: ó ṣeé gé kúrò, kò ṣeé fi kún. Májẹ̀mú Titun tí Luther túmọ̀ jáde ní oṣù Kẹsàn-án 1522. Nínú àwòrán ìwé Ìfihàn tí ilé iṣẹ́ Lucas Cranach, ayàwòrán ní Wittenberg, ṣe sí i, obìnrin Bábílónì dé adé alájà mẹ́ta tí Póòpù máa ń dé. Àwọn aláṣẹ bínú. Nígbà tí wọ́n fi máa tún un tẹ̀ ní oṣù Kejìlá, wọ́n ti fá àjà méjì òkè kúrò lórí igi kan náà, adé lásán ló kù. Bí ẹ bá to ẹ̀dà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ óò rí àlàfo funfun níbi tí ọ̀bẹ ti kọjá.

Láti Kàbbà: Ẹ̀yin àgbà, mo ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Àwọn ìyá àgbà wa tó gbọ́ Owé dáadáa máa ń ní Bíbélì Yorùbá kì í ṣe èdè àwọn. Ṣé àwọn ará Jámánì náà rí irú èyí? Ọgbọ́n wo ni Luther dá sí i?

Wọ́n rí i, ó sì le ju tiwa lọ. Kò sí èdè Jámánì kan ṣoṣo nígbà náà. Ará àríwá àti ará gúúsù fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ará Ìjẹ̀bú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Bùnú yóò ṣe máa la ojú sílẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí Luther ṣe ni pé ó mú èdè tí àwọn akọ̀wé ààfin Saxony fi ń kọ lẹ́tà ìjọba, nítorí pé àwọn ìjòyè ilẹ̀ míì ti ń gbọ́ ọ, ó fi ṣe egungun ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ ló lọ wá lẹ́nu àwọn èèyàn. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1530 nípa iṣẹ́ ìtumọ̀, ó ní kí atúmọ̀ bi ìyá nínú ilé, ọmọdé ní àdúgbò àti ọkùnrin inú ọjà léèrè, kó máa wo ẹnu wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó kan Léfítíkù, níbi tí wọ́n ti ń ka ẹ̀yà inú ẹran ìrúbọ, ó ní kí alápatà pa àgbò, kó sì máa dárúkọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀rá, ìwe, àwọ̀n tó bo ẹ̀dọ̀. Nígbà tó kan òkúta iyebíye inú Ìfihàn orí 21, ó ránṣẹ́ sí ààfin kí wọ́n jẹ́ kí òun rí irú wọn.

Ilé olódi Wartburg, níbi tí wọ́n fi í pamọ́ sí, ló wà nígbà tó túmọ̀ Májẹ̀mú Titun, ó sì kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ tán ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 11. Gíríìkì Erasmus ló wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó pẹ̀lú Philip Melanchthon, ọ̀gá nínú Gíríìkì, wọ́n jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí 3,000 ẹ̀dà ni wọ́n tẹ̀, ó tán kí ọdún tó yí. Odindi Bíbélì kò jáde títí di 1534. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ náà: ọ̀sẹ̀ 11 fún ẹ̀dà àkọ́kọ́ Májẹ̀mú Titun, ọdún 12 fún ìyókù Bíbélì, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tó ń jókòó lórí ẹsẹ kan ṣoṣo fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Àwọn tí èdè rẹ̀ kò yé ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àgbà yín ti wọlé. Ní 1523, Adam Petri, atẹ̀wé kan ní Basel, rí i pé àwọn ará ìlú òun kò mọ ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Luther. Kò yí ìtumọ̀ náà padà. Ó fi àkójọ ọ̀rọ̀ bí 200 sínú ìwé náà: èyí tí Luther lò lápá kan, èyí tí ará Basel ń sọ lápá kejì. Luther pe ètè ní «Lippen». Lọ́dọ̀ tiwọn, «Lefzen» ni. Nígbà tó pẹ́, ọ̀rọ̀ Luther ló borí, àwọn ará gúúsù ń sọ «Lippen» lónìí. Àwọn ará àríwá ní tiwọn ṣe odindi Bíbélì lédè ara wọn ní Lübeck ní 1534.

Samuel Ajayi Crowther gba ọ̀nà tó jọ èyí. Ìwé Romu jáde ní 1850, odindi Bíbélì ní 1884. Èdè tó fi ṣe egungun rẹ̀ ti apá Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá wá, kì í ṣe Owé, kì í ṣe Yàgbà, kì í ṣe Ìjùmú. Bí a bá fẹ́ gbà yín nímọ̀ràn, ẹ ṣe bí Petri. Bí ẹ bá fẹ́ ka orí kan lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ kà á fún ìyá àgbà méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Ibi tí wọ́n bá ti dá yín dúró, ẹ kọ ọ̀rọ̀ Bíbélì náà sílẹ̀, kí ẹ kọ ti Owé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ èyí tí ẹ̀yin fúnra yín rò pé wọ́n á sọ. Ohun tó jáde lẹ́nu wọn ni kí ẹ kọ. Iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ pẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà bá gbé lọ, ìwé kankan kò ní dá a padà.

Láti Àyétòrò Gbẹ̀dẹ̀: Ayàwòrán ni mí. Àwọn kan ní ìjọ wa ní Àtúnṣe Ìsìn ló pa iṣẹ́ ọnà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé òótọ́ ni?

Ó yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Luther kò lòdì sí àwòrán. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ère ní Wittenberg ní 1522, ó kúrò ní Wartburg, ó wá fi ọjọ́ mẹ́jọ wàásù kí wọ́n jáwọ́ nínú ipá. Ní Zürich, níbi tí Zwingli ti ń darí Àtúnṣe Ìsìn, ìgbìmọ̀ ìlú pàṣẹ ní 1524, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n kó ère jáde, wọ́n sì fi ẹfun kun ògiri. Ní Basel ní 1529, èrò ló ya wọlé. Ohun tó sọnù níbẹ̀ kò ṣeé kà, ó sì yẹ kó dun ẹnikẹ́ni tó mọ iyì iṣẹ́ ọwọ́.

Àmọ́ ohun tó dé bá ayàwòrán gan-an ni pé ẹni tó ń sanwó yí padà. Hans Holbein, ayàwòrán ará Jámánì, ń gbé Basel, àwòrán ẹ̀yìn pẹpẹ wà lára oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè fún un mọ́, Erasmus kọ lẹ́tà fún un, ó sì gba Lọ́ńdọ̀nù lọ ní 1526. Níbẹ̀, ojú èèyàn ló ń yà fún owó.

Ẹ wá àwòrán rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The Ambassadors lórí fóònù yín. Ó yà á ní 1533, ọ̀dà olóróró lórí pátákó igi óòkù, ó ga ju mítà méjì lọ, ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Àwọn aṣojú ilẹ̀ Faransé méjì ló dúró síbẹ̀: Jean de Dinteville lápá òsì, ẹni ọdún 29, Georges de Selve tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù lápá ọ̀tún, ẹni ọdún 25. Ọdún yẹn gan-an ni Ọba Henry Kẹjọ ń já kúrò lábẹ́ Póòpù. Ẹ fa àwòrán náà súnmọ́ra, kí ẹ wo pẹpẹ méjì tí wọ́n to nǹkan sí láàárín wọn. Àwọn ohun tí wọ́n fi ń wọn oòrùn àti ìràwọ̀ wà lókè. Nísàlẹ̀, ohun olókùn kan tó jọ gìtá wà níbẹ̀, okùn rẹ̀ kan ti já. Orin kò lè bára mu mọ́. Níwájú rẹ̀, ìwé orin ṣí sílẹ̀, orin Luther ló wà nínú rẹ̀, nílé àwọn Kátólíìkì! Lápá òsì, ìwé ìṣirò Peter Apian wà, ohun tí káfíńtà fi ń wọn igun ló fi là á, ojú-ewé tó sì ṣí ni ti ìpín nọ́ńbà. Ìpínyà la gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì hàn pé Holbein fẹ́ kí a gbọ́ ọ. Lókè pátápátá lápá òsì, àgbélébùú kékeré yọ ojú díẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì aláwọ̀ ewé.

Ohun gígùn eléérú tó tẹ̀ gbalaja nílẹ̀ níwájú wọn ńkọ́? Ẹ má ṣe dojú kọ ọ́. Ẹ fi ojú sí eteetí fóònù lápá ọ̀tún, ẹ jẹ́ kó súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, kí ẹ wá máa wo òsì gba orí gíláàsì kọjá. Agbárí òkú ni. Láti yà á, a máa kọ́kọ́ ya agbárí bó ṣe yẹ, a ó fa ìlà onígun mẹ́rin lé e, a ó wá fa àwọn ìlà náà gùn sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí pátákó míì, kí a máa gbé ohun tó wà nínú igun kọ̀ọ̀kan lọ sí èyí tó bá a dọ́gba. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ibi tó máa ń bàjẹ́ ni pé èèyàn á fa gbogbo igun gùn bákan náà. Igun tó bá jìnnà sí ojú òǹwòran ló gbọ́dọ̀ gùn jù.

Láti Ẹ̀gbẹ̀: Ìwé físíìsì kan ní ọdún tí Galileo kú ni wọ́n bí Newton, òmíràn ní irọ́ ni. Èwo ni ká gbà?

Irọ́ ni, Àtúnṣe Ìsìn ló sì fà á. Ọdún tí Julius Caesar fi lélẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 365.25. Ọdún oòrùn gan-an jẹ́ 365.2422. Ẹ yọ ọ́: 0.0078 ọjọ́ ló ń lé lọ́dọọdún. Láti ìgbà ìpàdé Nicaea ní 325, níbi tí ìjọ ti jíròrò ọjọ́ Àjíǹde, sí 1582 jẹ́ ọdún 1,257. Ẹ fi ṣe ìlọ́po: 9.8, ká pè é ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ Àjíǹde ti ń sá kúrò ní àyè rẹ̀. Póòpù Gregory Kẹtàlá wá pàṣẹ pé kí ọjọ́ tó tẹ̀lé Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù Kẹwàá 1582, jẹ́ Ẹtì, ọjọ́ 15 oṣù kan náà. Kó má baà tún sá, ọdún tó bá parí ọgọ́rùn-ún kò ní ní 29 oṣù Kejì mọ́, àfi tí 400 bá pín in tán. Ìdí nìyẹn tí 1600 àti 2000 fi ní in, tí 1900 kò sì ní in.

Ìṣirò náà péye, ṣùgbọ́n Póòpù ló fi ọwọ́ sí i. Johannes Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ tó jẹ́ ọmọ ìjọ Luther, gbè é lẹ́yìn níwájú àpérò Regensburg ní 1613, wọn kò gbọ́. Ìpínlẹ̀ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní Jámánì kò gbà á títí di 1700, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di 1752.

Galileo kú ní Ítálì ní 8 oṣù Kìíní 1642, kàlẹ́ńdà titun. Wọ́n bí Newton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ Kérésìmesì 1642, kàlẹ́ńdà àtijọ́. Ní Ítálì lọ́jọ́ yẹn, 4 oṣù Kìíní 1643 ni. Ẹni tó kọ ìwé àkọ́kọ́ fi kàlẹ́ńdà méjì wọn ohun kan.

Láti Ìyàrà: Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n wọ ṣòkòtò fún àwòrán Michelangelo?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó parí Ìdájọ́ Ìkẹyìn ní Ṣápẹ́ẹ̀lì Sistine ní 1541, ìhòòhò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1563, ìpàdé Trent, tí Ìjọ Kátólíìkì fi dá Luther lóhùn, fi òfin de àwòrán tó lè ru ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ sókè. Michelangelo kú ní oṣù Kejì 1564. Daniele da Volterra, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Àwọn èèyàn sọ ọ́ ní aránṣòkòtò.

Ọ̀nà méjì ló lò, wọn kò sì jọra. Michelangelo fi ọ̀dà sára ẹfun tútù, irú èyí tó ń jáde lára òkúta bíi ti Ọbájànà tí a bá sun ún. Bí ẹfun náà ṣe ń gbẹ, ó ń padà di òkúta, ó sì ń gbá ọ̀dà mọ́ inú ara rẹ̀. Èyí tí Daniele kàn kùn sórí ògiri gbígbẹ kò wọnú rẹ̀, òkè ló wà. Ṣùgbọ́n fún Kátírínì Mímọ́ àti Blaise Mímọ́, ó fi ṣísẹ́ẹ̀lì ha ẹfun Michelangelo kúrò, ó rẹ́ ẹfun titun, ó sì tún wọn yà. Nígbà tí wọ́n tún ògiri náà ṣe ní àwọn ọdún 1990, wọ́n fọ ọ̀pọ̀ nínú aṣọ tí àwọn ẹlòmíràn kùn lé e lẹ́yìn Daniele kúrò. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí ti Kátírínì. Ohun tó wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀ ti dà nù gẹ́gẹ́ bí ìyẹ̀fun láti 1565.